Omi Tó Mọ́ Lójú
Ẹ̀yin ará, ohun tó bá mọ́ lójú, ṣé ó mọ́ náà nìyẹn? Ní 1854, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìyá kan fọ aṣọ ìdí ọmọ rẹ̀ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ó da omi rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin. Kòtò náà ń jò sínú kànga àdúgbò. Omi ibẹ̀ mọ́ lójú, ó sì dùn lẹ́nu. Àrùn onígbáméjì inú rẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 500. Ìyá yẹn kò mọ̀. Àwa tí a mọ̀ ńkọ́? Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tí a ní "Ilẹ̀ wa ni", ẹ̀jẹ̀ aládùúgbò wà lọ́rùn wa. Ilẹ̀ la pín, a kò pín omi abẹ́ rẹ̀.