Ìwúre fún Tọkọtaya Lójú Ọ̀nà Ilẹ̀ Adágún

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ kọrí sí Lake District ní Cumbria, níhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ dúró kí n wúre fún yín kí ẹ tó ṣíná sọ́kọ̀. Ẹlẹ́dàá tó dá òkè, tó dá odò, òun ni mò ń ké pè nítorí yín. Bí mo bá ti ń wí, kí ẹ máa ṣe àmín.

Ọ̀nà M6 tí ẹ ó gbà gòkè ò ní di ọ̀nà ẹkún fún yín. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Táyà yín ò ní bẹ́, bíréèkì yín ò ní já. Ìwọ tó di sítíárìn mú, oorun ò ní gbé ojú rẹ lọ. Ìwọ tó ń wo máàpù, o ò ní ṣi ọ̀nà, ọ̀nà ò sì ní ṣì ọ́.

Bí ẹ bá dé Windermere, adágún tó gùn jù ní England, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 17, ẹ rọra máa lọ létí omi. Omi tó dágún kì í sáré. Owó tó bá wọlé yín, yóò dágún síbẹ̀. Ayọ̀ tó bá wọlé yín, yóò dágún síbẹ̀. Àlàáfíà tó bá wọlé yín, yóò dágún síbẹ̀. Bí Windermere ṣe gùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí yín yóò gùn. Bí Wastwater ṣe jìn ní mítà 79, tí adágún mìíràn ní England ò jìn tó o, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ yín yóò jìn, tí ọ̀tá ò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí Scafell Pike ṣe ga ní mítà 978, tó ń wo gbogbo òkè England nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí yín yóò ga láwùjọ ẹgbẹ́.

Ẹ ó gun ọ̀nà òkè Hardknott. Níbi tó ti le jù, bí ọkọ̀ bá rin mítà 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun mítà 1 sókè. Ẹ ó gòkè, ẹ ò ní yí lulẹ̀. Kọ́nà ibẹ̀ ò ní kọ̀ yín. Bí ẹ ṣe gòkè yìí, ẹ ó gòkè àgbà. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró. Ọkọ̀ méjì ò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ẹnì kan yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó juwọ́ sí ẹnì kejì pé kó máa bọ̀. Kí Olúwa fún yín ní sùúrù ẹni tó ń yàgò. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí ọkọ, kí aya yàgò. Lọ́jọ́ tí inú bá ń bí aya, kí ọkọ yàgò. Ìjà ò ní di ará ilé yín.

Ẹ wo odi tó gba ara òkè kọjá. Òkúta lásán ni, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí amọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń tò ó ní apá méjì, á fi òkúta wẹ́wẹ́ há àárín, á wá gbé òkúta gígùn dábùú kí apá méjèèjì lè dìrọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin ni apá méjì. Ọlọ́run ni yóò jẹ́ òkúta tó so yín pọ̀. Ìjì ayé ò ní bì yín wó. Alángbá ò ní rí ògiri yín tó lanu.

Ẹ wo àgùntàn Herdwick lórí òkè. Kò sí ọgbà tó há wọn mọ́, síbẹ̀ wọn kì í ṣìnà, nítorí ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ti ń kọ́ ààlà pápá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wojú Olúwa fún ọmọ, ẹ ó gbọmọ pọ̀n, ẹ ó gbọmọ jó. Ọmọ yín á mọ ilé, ayé ò ní gbé e lọ. Dúdú ni wọ́n ń bí ọmọ àgùntàn náà. Bó ṣe ń dàgbà ni irun rẹ̀ ń di aláwọ̀ eérú. Dúdú ni irun yín lónìí. Ẹ ó jùmọ̀ hewú. Ọ̀kan ò ní hewú kí èkejì má bá a rí i.

Bí òjò bá ká yín mọ́ Seathwaite, ẹ má bínú. Níbi tí èèyàn ń gbé ní England, kò síbi tí òjò ti ń rọ̀ tó ibẹ̀. Òjò ire ò ní dá lórí yín. Ẹ ò ní mọ ọ̀dá omi, ẹ ò ní mọ ọ̀dá owó.

Ní Lake District yìí kan náà, owó ìwé tí òǹkọ̀wé Beatrix Potter kọ fún ọmọdé wà lára ohun tó fi ra oko Hill Top ní 1905. Nígbà tó kú ní 1943, ilẹ̀ tó ju éékà 4,000 lọ ló fi sílẹ̀ fún National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀, àgùntàn ṣì ń jẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yín á bí ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ yín á bí ọlá, ọlá yín á kan ọmọ ọmọ. Orúkọ yín ò ní parẹ́.

Àlọ yín á dùn, àbọ̀ yín á dára. Méjì lẹ jáde, ẹ ò ní dín, ẹ ò ní fara pa. Ẹ di bẹ́líìtì yín, ẹ rọra wakọ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sáré. Àṣẹ.