Orúkọ Ẹni Tó Ṣe É

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 31:1–11

Láàárín ọdún 1935 sí 1942, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ gba àwọn ayàwòrán tí kò ríṣẹ́ ṣe, ó ní kí wọ́n máa fi ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò ya àwọn ohun èlò ilé tí àwọn ará àtijọ́ fọwọ́ ṣe. Àwòrán náà tó nǹkan bí 18,000. Wọ́n wà ní National Gallery of Art, Washington, títí dòní. Àpótí ẹrù ìyàwó àwọn ará Jámánì tó tẹ̀dó sí Pennsylvania wà lára wọn, pákó tí wọ́n kun òdòdó àti ẹyẹ sí lára. Ayàwòrán ò bo àbùkù rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ti ṣí, ibi tí pákó ti sán, bó ṣe rí ló yà á.

Orúkọ ayàwòrán wà nínú ìwé. Ti ẹni tó kan àpótí ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbá fínfín Ọ̀yọ́ tí àwọn ìyá wa gbé lọ sílé ọkọ: a mọ ẹni tó gbé e, ta ló mọ ẹni tó fín in?

Ṣùgbọ́n nígbà tí Olúwa ń sọ fún Mósè ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ àgọ́ ìpàdé, ó dárúkọ Bésálẹ́lì, ó dárúkọ Úrì bàbá rẹ̀ àti Húrì bàbá bàbá rẹ̀, ó tún fi ẹ̀yà Júdà kún un. Igi ló fẹ́ gbẹ́ o, òkúta ló fẹ́ gé. Ẹ̀mí Ọlọ́run sì kún inú rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Àwa tá a rò pé wòlíì nìkan ni Ẹ̀mí ń bà lé, ẹ jẹ́ ká tún orí yìí kà.

Ẹ wá wo orúkọ inú fóònù wa ní Alímọ̀ṣọ́ níbí. “Káfíńtà Ìgándò.” “Télọ̀ Ìkòtún.” “Wẹ́dà Ẹ̀gbẹ́dá.” Ẹni tó rán aṣọ tí ẹ wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ yín, àdúgbò ló ń jẹ́ lọ́wọ́ yín. Bó bá fi aṣọ falẹ̀, a mọ bá a ṣe ń pariwo lé e lórí.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tó pe Bésálẹ́lì lórúkọ, là wá lójú ká rí àwọn tí ọwọ́ wọn ń tún ilé wa ṣe.

Kílẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ pe ọ̀kan nínú wọn, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá sì kù lọ́wọ́ yín, ẹ san án.