Ìwé tí Gbogbo Ayé Ń Yìn

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá tóbi ju ohun tí a fojú bà lọ, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tó ròyìn ni, àbí ohun tó ròyìn rẹ̀, àbí àwa tí a gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ó kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Aládùúgbò yín kan sọ fún yín pé obìnrin kan ń dín àkàrà ní ìkángun ọjà, pé kò sí irú rẹ̀ láti Kétu dé Àjàṣẹ́. Ó sọ ọ́ lánàá, ó tún sọ ọ́ lónìí. Ẹ bá rìn lọ síbẹ̀ nínú oòrùn. Ẹ ra á, ẹ jẹ ẹ́. Àkàrà ni. Kò kan, kò sì jóná. Síbẹ̀ inú yín kò dùn. Kí ló fà á? Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ti jẹ àkàrà mìíràn nínú ọkàn yín, èyí tí aládùúgbò yín fi ẹnu dín. Kò sí alákàrà tó lè dín irú ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwé rí. Ní ọdún 2005, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà. Stephenie Meyer ni obìnrin tó kọ ọ́. Twilight ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń ka Faransé mọ̀ ọ́n sí Fascination. Ìwé mẹ́ta tún tẹ̀ lé e títí di ọdún 2008. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n sọ èyí àkọ́kọ́ di fíìmù. Ẹ̀dà tí wọ́n tà káàkiri ayé ju 100 mílíọ̀nù lọ. Nígbà tí ìwé kẹrin fẹ́ jáde, àwọn ọ̀dọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtàwé ní ọ̀gànjọ́ òru.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Ìtàn Bella ni, ọmọbìnrin ọdún 17. Ó kúrò ní Phoenix, ìlú tí oòrùn ń mú, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní Forks, ìlú kékeré tí òjò pọ̀ sí. Ní ilé ìwé, ó pàdé Edward. Edward kì í ṣe ènìyàn bíi tiwa. Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn gágá fẹ́ pa á, ni wọ́n bá sọ ọ́ di amùjẹ̀, òkú tó ń rìn, tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà kò dàgbà mọ́. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ pinnu pé ẹ̀jẹ̀ ẹranko nìkan ni àwọn yóò máa mu. Edward fẹ́ràn Bella, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ Bella ń fà á bí omi ti ń fa ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Mo gbọ́ ìyìn ìwé yìí pẹ́ kí n tó rí i. Mo kà á, ó sì já mi kulẹ̀. Ẹ̀rù ni mo ń retí. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá dárúkọ ohun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lóru, a kì í rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó náà ti ń bẹ̀rù amùjẹ̀ tipẹ́. Bram Stoker kọ ìwé Dracula ní ọdún 1897. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ta sí Edward lára, kì í jóná. Ńṣe ni ara rẹ̀ ń dán yinrin. Ojú ewé ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500, ó sì kọjá ìdajì dáadáa kí ọ̀tá gidi tó dé. Mo pa ìwé náà dé. Mo bi ara mi pé: ṣé èmi ni n kò mọ̀wé kà ni?

Ẹ dúró níbí yìí. Èrò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tó dàgbà kó tó mọ̀wé a máa tètè sọ pé, “Àwọn ọ̀mọ̀wé yìn ín. Bí kò bá dùn mọ́ mi, a jẹ́ pé òpè ni mí.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tó ka ìwé dé òpin ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Òǹkọ̀wé yẹn kò ṣèlérí ẹ̀rù fún mi. Ìtàn ìfẹ́ ló kọ, àwọn ọ̀dọ́ ló sì kọ ọ́ fún. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ kò purọ́. Lójú ọmọ ọdún 17, ìfẹ́ àkọ́kọ́ a máa dà bí ewu. Ẹ̀rù tiwọn ni wọ́n bá níbẹ̀. Tèmi ni n kò bá. Ẹni tó yìn ín ní àyìnjù ló jẹ gbèsè, orúkọ ìwé ló sì fi jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ adùn. Nínú ìwé náà, Edward a máa wọ yàrá Bella lóru, a máa wò ó bó ti ń sùn, kí Bella tó mọ̀ rárá. Ìfẹ́ ni ìwé pè é. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin, kí ni ẹ̀yin yóò pè é? Níbí yìí, n kò lè sọ pé kò kàn dùn mọ́ mi ni. Mo ní kò dára. Ìfẹ́ a máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí gbogbo ayé tilẹ̀ yìn ín, ìyìn kò lè sọ ohun tí kò dára di dáadáa.

Nítorí náà, bí ìwé kan bá já yín kulẹ̀, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀? Kí ni ìwé náà fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe? Kí ni èmi gbé wá látilé? Lẹ́yìn náà, ẹ sọ èrò yín láìbẹ̀rù, láìbú ẹnikẹ́ni.

Bó bá sì kàn yín láti yin ìwé fún ẹlòmíràn, ẹ rántí alákàrà ìkángun ọjà. Ẹ má sọ pé kò sí irú rẹ̀ rí. Ẹ sọ pé, “Mo jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ mi. Ẹ lọ tọ́ ọ wò.”