Clementina de Jesus àti Ìmoore Tó Pẹ́ Dé

Ní ọdún 1901 ni wọ́n bí Clementina de Jesus ní Valença, ní agbègbè oko kọfí àfonífojì Paraíba, ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro ní Bràsíìlì. Kò tí ì pé ọdún mẹ́rìnlá tí òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ jongo.

Jongo kì í ṣe orin àríyá lásán. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Kóńgò àti Àńgólà ló gbìn ín sí oko kọfí. Wọ́n á pagbo yí ìlù ká, ẹnì kan á dá orin bí ẹni ń pàlọ́, àwọn yòókù á gbè é, títí ẹni tó gbọ́n yóò fi tú u. Ohun tí ọ̀gá oko kò gbọdọ̀ mọ̀, inú orin ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ọ̀gá á dúró nítòsí, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì ní mọ nǹkan kan.

Ọmọdé ni Clementina nígbà tí wọ́n kó wá sí ìlú Rio. Ní àdúgbò Oswaldo Cruz, níbi tí ẹgbẹ́ samba Portela ti ṣẹ̀ ní 1923, àti ní Mangueira, níbi tí ọkọ rẹ̀ wà, àwọn onísamba mọ irú ohùn tó ń bẹ lọ́rùn rẹ̀: ohùn tó nípọn, tó ki, tí kò jọ ti àwọn akọrin rédíò. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ló ń ṣe jẹun, fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ìtẹríba, òtítọ́, ìfaradà, iṣẹ́ àṣekára: obìnrin yìí kò kù sí ọ̀kankan. Ìlú tó ń gbé ni ìmoore wọ́n. Samba ni Bràsíìlì fi ń yangàn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ẹni tí orísun rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ sì ń fọ abọ́ ní ilé onílé. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èyí tiẹ̀ burú ju ti ọlọ́ṣà lọ, nítorí ọlọ́ṣà kì í ní kí onílé máa gbálẹ̀ fún òun.

Ní 1963, Hermínio Bello de Carvalho, akéwì tó tún ń kọ ọ̀rọ̀ orin, pàdé rẹ̀ ní ilé ọtí Taberna da Glória. Ní 1964, ó gbé e sórí ìtàgé pẹ̀lú Turíbio Santos, onígìtá. Eré *Rosa de Ouro* tẹ̀ lé e ní 1965, pẹ̀lú Aracy Cortes àti Paulinho da Viola. Ní 1966, Clementina kọrin ní Dakar, níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde. Ó ti pé ẹni ọdún 65.

A kò lè fi ti Hermínio dù ú: ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ìwà ẹnì kan kò lè bo ti odindi ìlú. Àwọn tó ní Ọlọ́run ló mọ àsìkò ń wá àwáwí ni; àsìkò kọ́ ló ń fi olórin sídìí ìkòkò onílé.

Ní 1982, ní ẹni ọdún 81, Clementina kópa nínú rẹ́kọ́ọ̀dù *O Canto dos Escravos*, pẹ̀lú Geraldo Filme àti Tia Doca. Orin àwọn ẹrú Minas Gerais tí Aires da Mata Machado Filho ti kó jọ ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Theatro Municipal, ilé ìtàgé ìlú Rio, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn láti yẹ́ ẹ sí. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 1987.