Ẹ̀sọ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Sun Èédú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ra èédú ní Gáréèjì Ìkòròdú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán òwe yìí wò: kó mú ẹyọ méjì, kó fi ọ̀kan gbá èkejì. Èyí tó jiná dénú á dún koko bí àpáàdì. Èyí tí wọ́n fi ìkánjú sun kì í dún. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, inú rẹ̀ ṣì pọ́n bí igi, òun ló sì máa ń fi èéfín ta oníbọ̀ọ̀lì lójú.

Púpọ̀ èédú tó ń wọ Èkó, Òkè-Ògùn ló ti ń wá, látinú òkìtì igi tí wọ́n fi koríko àti erùpẹ̀ bò. Bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ ibẹ̀ jù, igi á jó di eérú. Bí kò bá rí afẹ́fẹ́ rárá, iná á kú. Èéfín ni asunèédú ń wò. Bó bá funfun tó sì ki, omi inú igi ló ń jáde; bó bá fẹ́lẹ́ tó dà bí aró, ó ti jiná, ó yá kó dí gbogbo ihò. Ẹni tó bá tú òkìtì kó tó tutù, iná á tún ràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Igi tútù náà ò ṣeé sun, torí omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, igi mìíràn ló sì máa jóná kí omi yẹn tó gbẹ.

Àwọn kan á ní ebi kì í jẹ́ kéèyàn ṣe sùúrù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ìlọ́ra. Ní Senegal, wọ́n fi àgbá epo ṣe ojú èéfín fún òkìtì tí wọ́n ń pè ní Casamance. Ó ń yára jiná, èédú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

Àwọn mìíràn á ní ká kúkú fòfin de èédú sísun, kí igbó má baà tán. Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí gáàsì bá wọ́n, òfin nìkan kò lè pa ààrò èédú. Ká gbin igi kasíà àti mèlínà, tí kùkùté wọn ń tún rú, ká sì sun wọ́n dáadáa. Nínú kílò 100 igi, òkìtì erùpẹ̀ sábà máa ń mú kílò 10 sí 20 èédú jáde. Ẹni tó rí 20 níbi tí ẹlòmíràn ti rí 10, ìdajì igi tí ẹni yẹn gé ló máa gé kó tó rí iye èédú kan náà.