Iṣẹ́ Tó Kójú Òṣùwọ̀n

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ìyá onígàárì, ẹ má tíì béèrè iye tó ń ta kọ́ńgò kan. Ẹ kọ́kọ́ yí kọ́ńgò náà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Kọ́ńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú; bó ti wù kí gàárì orí rẹ̀ ga tó, abẹ́ ti jẹ lára rẹ̀. Òmíràn wà tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìyá tó ni ín yóò bu gàárì kún un, yóò rọ ọ́ sókè ṣónṣó, yóò dà á sínú àpò yín, yóò sì tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ènì nìyẹn. Kò sí òfin tó de ẹnikẹ́ni láti fi ènì sí ọjà, síbẹ̀ òun ni oníbàárà máa ń rántí títí ọjọ́ ọjà mìíràn fi pé.

Ọ̀rọ̀ ọjà yìí náà la fi ń yin iṣẹ́ rere ní èdè wa: a ní iṣẹ́ náà kójú òṣùwọ̀n. Lójú tèmi, ohun méjì ló wà nínú ìtayọ: kí òṣùwọ̀n kún tòótọ́tòótọ́, kí ènì sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò kún tó wá ń pín ènì kiri, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Alága káńsù tó ń pín ìrẹsì nígbà ọdún, nígbà tí gọ́tà ọjà ti dí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ènì ló gbé ṣíwájú òṣùwọ̀n. Ará ìlú tó ń sunkún pé káńsù kò ṣe nǹkan kan, tó sì ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà kan náà bí òjò bá ti ṣú, òun náà ti fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò tirẹ̀.

Ìlú tó bá fẹ́ kí ọrọ̀ ajé rẹ̀ gbèrú gbọ́dọ̀ yí kọ́ńgò méjèèjì wò, ti káńsù àti ti ará ìlú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999: ó ka ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ilé ìgbẹ́ ìta gbangba, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún un ní ipa nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kan ọrọ̀ ajé. Tòmátì tó jẹrà lórí ọ̀nà tí kò ṣeé gbà, owó ló jẹrà. Ìyá ọlọ́jà tó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan nítorí kò sí ibi tó lè yà sí, èrè ló tì mọ́lẹ̀. Pẹpẹ tí ọwọ́ káńsù lè tó nìyẹn.

Akèrègbè ń bẹ lọ́wọ́ ará ìlú ní tirẹ̀. Káńsù kò mọ ẹni tó ń san gbèsè déédéé àti ẹni tó máa ń sá. Alájọ àdúgbò mọ̀ ọ́n. Káńsù kò lè parí ìjà láàárín aláta àti ẹlẹ́ran. Ìyálọ́jà lè parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Parákòyí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olóyè ọjà, ti ń tọ́jú ètò ọjà kí káńsù tó dé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì ti yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ òwò láìfi ilé dúró. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló wà nínú akèrègbè náà, kò sì sí àgbàlagbà kan tó lè fi ipá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ìtàn tiwa kọ́ wa ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá wà, àti bí kò bá sí. Owó kòkó àti owó orí wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ló dùn sí owó orí náà, ṣùgbọ́n baba tó san án rí ọmọ rẹ̀ tó gbé síléètì lọ sí ilé ìwé. Ní ọdún 1965, Ilé Kòkó ga ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sójú ọ̀run Ìbàdàn, àgbẹ̀ tó bá gbójú sókè sì mọ̀ pé òógùn òun wà níbẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí kan náà fi dìde nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, ní 1968 sí 1969. Owó kòkó tó ń dé ọwọ́ wọn ti kéré, owó orí wúwo, ọ̀nà oko bàjẹ́, àwọn agbowó orí sì ń fi ojú wọn gbolẹ̀. Ẹ̀mí sọnù, dúkìá ṣòfò. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí ìjọba sì dín owó orí kù, ni ọkàn wọn tó rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè fara da owó tó wúwo bó bá rí ibi tó lọ. Ohun tí kò ní fara dà ni kọ́ńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, kí wọ́n sì tún nà án nítorí pé ó yí i wò.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ dúró lé lórí wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ìlú olówó ni. Síbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọmọ ìlú náà jókòó pọ̀, wọ́n sì gbà láàárín ara wọn pé òṣì ń bẹ nílé. Ìgboyà ńlá nìyẹn, nítorí ìtìjú kì í jẹ́ kí ìlú ọlọ́lá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti gbógun ti òṣì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́, ọmọ wọn tí ayé mọ̀ nínú ìmọ̀ jọ́gíráfì àti ètò ìlú, ṣe alága rẹ̀. Awùjalẹ̀ ìgbà náà, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, sì dúró tì wọ́n gbágbáágbá.

Abúlé ẹja tó wà ní Eriwe jẹ́ ọ̀kan nínú èso ìpàdé wọn. Àwọn àgbẹ̀ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, adágún ẹja wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ń gba ọmọ ẹja àti oúnjẹ ẹja láwìn, wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú omi. Ẹja àrọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oṣù mẹ́fà kó tó tó tà. Bó bá tó, àgbẹ̀ yóò tà á, yóò san àwìn, yóò sì kó èrè rẹ̀ lọ sílé. Ẹ kíyè sí i pé ètò yìí dúró lórí ìwà. Ẹni tó bá gbàgbé láti pààrọ̀ omi, ẹja rẹ̀ yóò kú. Ẹni tó bá sì dọ́gbọ́n ta ẹja tirẹ̀ lóru kó má baà san àwìn, owó oúnjẹ ẹja ọmọnìkejì rẹ̀ ló gbé sá lọ. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn tó rìn pọ̀ ní Eriwe sọ ilẹ̀ oko di ibi tí àwọn oníbàárà ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ìjẹ̀bú-Òde kan náà ló ní ayẹyẹ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ni régbérégbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, máa ń jáde lọ kí Awùjalẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin tí gbogbo ayé ń wá wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo ìrìn wọn yóò mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí ọjọ́ náà tó pé, ahunṣọ ti ta aṣọ òkè, télọ̀ kò rí oorun sùn, alásè ti ra màlúù, ilé ìtura ti kún. Kò sí régbérégbé kan tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé tirẹ̀ kò kójú òṣùwọ̀n. Ìbéèrè mi ni pé: bí àwọn ará ìlú bá lè pe irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ ìlú pẹ̀lú ẹwà, ta ni yóò tún ọ̀nà ṣe, ta ni yóò kó ìdọ̀tí, ta ni yóò pèsè omi àti ibi ìyàgbẹ́? Níbikíbi tí ayẹyẹ bá ti ń pe èrò, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí káńsù ti wá fi iṣẹ́ tirẹ̀ pàdé iṣẹ́ ará ìlú.

Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn alága ni pé owó kò dé ọwọ́ àwọn. Inú àpò kan pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń wọ̀. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ tààrà fún àwọn káńsù, pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn nìkan ló sì yẹ kó máa ṣàkóso wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìdájọ́ rere ni, àmọ́ ìdájọ́ kì í gbẹ́ gọ́tà. Bí owó bá ń dé ọwọ́ káńsù tààrà, ojú ará ìlú gbọ́dọ̀ máa dé ibẹ̀ tààrà pẹ̀lú.

Mo bẹ ẹ̀yin alága àti káńsẹ́lọ̀, ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri ọjà lóṣooṣù, lédè Yorùbá, kí ìyá aláta lè kà á tàbí kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Bí ẹ bá fẹ́ ra àga fún ilé ìwé, káfíńtà ń bẹ ní wọ́ọ̀dù yín. Owó tí ẹ san fún un yóò tún dé ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjà tí ẹ kò gbá. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ san owó tó tọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ yọ ìdọ̀tí iwájú ìsọ̀ yín láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ wọn ọjà yín pé, nítorí ẹni tí ń fi kọ́ńgò onídìí wíwọnú ta gàárì kò ní ẹnu tí yóò fi bi alága léèrè owó. Bí ará ilé ẹni bá sì ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, fún ìbátan, fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan.

Nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: èló ló wọlé, kí lẹ fi ṣe, kí ló kù? Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin náà ti ṣe ní àdúgbò yín láti ìgbà ìpàdé tó kọjá.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹrù ìlú wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.