Ọjọ́ Tí Ara Bá Wúwo

Ṣé ọ̀lẹ ni ẹni tó rẹ̀, tí eré ìdárayá ò wù ú ṣe? Rárá. Ṣùgbọ́n Ifá kọ́ wa pé àwọn Orí ṣèpàdé láìpe Ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn ò yọrí. Orí lè yan ìlera, ẹsẹ̀ ló máa rìn débẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe é fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Wọ́n tún ní díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Tówó ò bá tó ewúrẹ́, ṣebí a máa ń bẹ Ifá kó gba ẹyẹlé? Ẹbọ náà ni. Bó bá rẹ̀ yín lónìí, ẹ rin ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ sinmi. Ẹ má kàn jókòó de agbára: ojú ọ̀nà ló ti máa ń báni.